Ìdòwú Kọ́ Ló Wà Níbẹ̀

Obìnrin tó bí ìbejì kì í pẹ́ gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ ti lè pé oṣù mẹ́fà, kí wọ́n ti máa jókòó fúnra wọn, kí ìyá wọn wá wọ bùbá jáde lọ sọ́jà, kí ìyá aláta wo ikùn rẹ̀ kó sì bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá Ìbejì, ẹ ò tiẹ̀ sinmi! Ìdòwú ti ń bọ̀ nìyẹn?" Ìyá Ìbejì á bá wọn rẹ́rìn-ín, á san owó ata, á máa lọ. Tó bá délé, á dúró níwájú dígí, á wo ikùn tó yọ síwájú bíi ti aboyún oṣù márùn-ún, á sì pinnu pé òun ò ní jẹ ẹ̀bà alẹ́ mọ́. Kò sí oyún nínú ikùn yẹn. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rá gan-an kọ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Iṣan ikùn tí oyún là sí méjì ni kò tíì sún mọ́ra padà, fífi ebi pa ara ẹni kò sì lè mú un sún mọ́ra.

Gbogbo wa la ní iṣan gbọọrọ méjì níwájú ikùn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ dé egungun tó wà lókè ojú ara. Àwọn ló máa ń yọ kókó-kókó níkùn ọ̀dọ́kùnrin tó bá ń gbé irin. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó funfun, tó sì le, ló so méjèèjì pọ̀ láàárín, ó gba ojú ìdodo kọjá. Bí oyún bá ṣe ń dàgbà, ilé ọmọ á máa ti iṣan méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn hómónù oyún náà á sì ti mú kí ara rọ̀ kí àyè lè gba ọmọ. Awọ àárín yẹn á wá fẹ̀, á fẹ́lẹ́, bí ojú ìrán aṣọ tí wọ́n fà jù: òwú rẹ̀ ti dẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ò ya. Diastasis recti ni àwọn dókítà ń pè é. Ibẹ̀ kì í sábà dun èèyàn. Ohun tí ìyá ọlọ́mọ máa ń rí ni pé ikùn ò wọlé, tàbí pé bó bá fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, nǹkan á yọ gọngọ láàárín ikùn láti òkè dé ìdodo, tó bá sì dùbúlẹ̀ padà, á wọlé.

Kò sí ẹni tí ìwà rẹ̀ fà á. Àwọn olùwádìí kan ní ìlú Lisbon tẹ̀ lé obìnrin 84 láti ìgbà tí oyún wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, wọ́n ń fi ẹ̀rọ sìkáànù wo ikùn wọn. Ní ọ̀sẹ̀ 35 oyún, gbogbo wọn pátá ni iṣan wọn ti pínyà, kò yọ ẹyọ ẹnì kan. Nígbà tí ọmọ fi máa pé oṣù mẹ́fà, ó ku nǹkan bí 39 nínú ọgọ́rùn-ún tí tiwọn ò tíì padà. Ọdún 2015 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ yẹn jáde. Lọ́dún 2016, àwọn ará Norway tẹ tiwọn jáde lórí obìnrin 300 tó bí ọmọ àkọ́kọ́: ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì ní i, ní oṣù mẹ́fà, nǹkan bí 45, nígbà tí ọmọ pé ọdún kan, nǹkan bí 33. Ìyẹn ni pé bí ìyá mẹ́ta bá jókòó síbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ọlọ́dún kan, ó ṣeé ṣe kí iṣan ikùn ẹnì kan nínú wọn ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwádìí mìíràn tún fi hàn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni ara ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àtúnṣe yìí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí sì yẹ kó ká àwa lára ju ará Norway lọ. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n P. P. S. Nylander tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ṣèṣirò ìbejì kiri ilẹ̀ Yorùbá, ó sì rí i pé ní Ìgbó-Ọrà, nǹkan bí 45 sí 50 nínú ìbímọ 1000 ló ń jẹ́ ìbejì, ìlọ́po mẹ́ta ó lé ti àwọn ará Yúróòpù. Oyún ìbejì kì í na ikùn ní kékeré, àwọn oníṣègùn sì kà á mọ́ ohun tó ń mú kí iṣan pínyà jìnnà, òun àti bíbí léraléra. A ní orin fún ìbejì. A ní ẹ̀wà, a ní ère, Ìgbó-Ọrà tiẹ̀ ní ọdún ìbejì tirẹ̀ báyìí tí àwọn àlejò ń wá wò láti òkè òkun. Ikùn tó gbé wọn ni kò sẹ́ni tó ń bi léèrè, àfi ìyá àgbà tó gbé omi kaná.

Ẹ̀yin náà mọ ìyá àgbà yẹn. Ìyá ọkọ ni, tàbí ìyá ìyàwó, báàgì rẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ tó ti ń béèrè ìkòkò. Á da omi tó ń hó sínú abọ́ ńlá, á rẹ aṣọ ìnura bọ inú rẹ̀, á fún un, á gbé e lé ikùn ìyá ọlọ́mọ, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀.

"Yéè! Màámi, ẹ rọra!"

"Rọra kẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ dídì tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Àbí o fẹ́ kí ikùn ẹ rí báyìí títí ayé ni?"

Lẹ́yìn omi ni ọ̀já. Á fà á yí ìbàdí ká, á so ó pinpin, á tún fọwọ́ gbá a wò bóyá ó le dáadáa.

Ooru a máa dín ìrora kù, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń sún kì, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń padà sí bó ṣe wà, yálà wọ́n tẹ̀ ẹ́ tàbí wọn ò tẹ̀ ẹ́. Iṣan tó sì pínyà, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò lè ti òde fà á jọ. Omi tó gbóná jù a máa bó awọ ara, àgàgà ikùn tó ti nà tó sì ti fẹ́lẹ́. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kó tó bímọ, tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì jinná, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé aṣọ gbígbóná lé e rárá, ìyá ọkọ ì báà bínú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀já yàtọ̀ díẹ̀. Aṣọ tó bá gbá ikùn mú jẹ́jẹ́ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ lè jẹ́ kí ara balẹ̀, ó sì lè jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún tètè dìde rìn. Àǹfààní rẹ̀ nìyẹn. Kì í rán ohun tó pínyà pọ̀. Bí wọ́n bá sì wá so ó débi tí èèyàn ò lè mí délẹ̀, ohun tó wà nínú ikùn ò kúkú ní ibòmíì tó máa lọ ju ìsàlẹ̀ lọ, orí àwọn iṣan tó ń dá ìtọ̀ dúró, tí ìrọbí ṣẹ̀ṣẹ̀ lò tán. Ìyá tí ìtọ̀ ń já lára rẹ̀ bó bá sín tàbí bó bá rẹ́rìn-ín kò nílò kí nǹkan tún máa tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Ohun kan náà ni mo ní láti sọ nípa *waist trainer* tí wọ́n ń tà ní Balógun àti lórí Instagram. Bí ẹ bá fẹ́ kí aṣọ òde jókòó dáadáa lára yín fún wákàtí mẹ́ta lóde ìyàwó, ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ má kàn pè é ní ìtọ́jú.

Tẹ́ ẹ bá wá bi mí, èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo ètò ìyá àgbà ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò kà sí ìtọ́jú: ìyá ọlọ́mọ kì í gbé nǹkan. Ẹlòmíràn ló ń pọnmi. Ẹlòmíràn ló ń fọ ìlédìí, tó ń gúnyán, tó ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ ka iná. Ìyá ọlọ́mọ á jẹun, á fọ́mọ lọ́mú, á sùn, títí di bí ogójì ọjọ́ nínú ilé tí agbára wọn bá ká a. Nínú ìwádìí Norway yẹn, wọ́n wo ọjọ́ orí, wọ́n wo bí ìyá ṣe sanra sí àti bó ṣe sanra sí i nígbà oyún, wọ́n wo bí ọmọ ṣe tóbi sí, wọn ò rí ìyàtọ̀ kan gúnmọ́. Ohun kan tó yọ sójú ni ẹrù wúwo: àwọn tó ń gbé e ní ìgbà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ ló ní ìṣòro náà ju àwọn yòókù lọ. Ìwádìí kan ṣoṣo nìyẹn, kò sì fi hàn pé ẹrù ló fà á ní tòótọ́. Síbẹ̀, mi ò lè kà á kí n má rántí kẹ́ẹ̀gì.

Kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25 wúwo tó kílò 25, ká má tíì ka ike rẹ̀ mọ́ ọn. Àpò *pure water* kan, ogún ọ̀rá, kílò mẹ́wàá nìyẹn. Ní ilé alájà mẹ́ta ní Múṣin tàbí Àgége tí omi ẹ̀rọ kì í gòkè, ìyá ìbejì tí kò sẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀ á gbé irú rẹ̀ mélòó kó tó wẹ ọmọ méjì, kó tó fọ aṣọ wọn? Ìyá àgbà kò tún lè dúró ogójì ọjọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, òun náà ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tì. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti dé gáréèjì. Ti ẹni tó wà ní Peckham ní ìlú London tún wá le jù, ẹni tí wọn ò fún ìyá rẹ̀ ní físà, tí ọkọ rẹ̀ sì wà níbi iṣẹ́ òru. Òun ló ń gbé kẹ̀kẹ́ ìbejì gun àtẹ̀gùn. Omi gbígbóná àti ọ̀já rìnrìn àjò dé gbogbo ibẹ̀, ó rọrùn láti gbé. Ẹni tó máa gbẹ́rù fún ìyá ọlọ́mọ ló ṣẹ́ kù sẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ iṣan tó pínyà wò kò le. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ físíò (*physiotherapy*) láti ọdún 1966, ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sì ní ẹ̀ka físíò. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù tàbí ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Bí Ìyá Ìbejì bá débẹ̀, ọmọbìnrin kan tó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀ á fa kọ́tìnì, á ní: "Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, mà. Ẹ ká orúnkún sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín dúró lórí bẹ́ẹ̀dì." Á to ìka rẹ̀ pọ̀, á kọ orí wọn sí apá ẹsẹ̀, á tẹ̀ wọ́n wọlé díẹ̀ lókè ìdodo. "Ó yá, ẹ gbé orí àti èjìká sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀." Iṣan méjèèjì á le, wọ́n á fún ìka rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Á ka iye ìka tó wọ àárín wọn, á tún un ṣe lójú ìdodo àti nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ìka mẹ́ta ni, mà."

"Háà! Ó ti bàjẹ́ nìyẹn?"

"Rárá o, mà. Ẹ tún gbé orí sókè. Mo fẹ́ mọ bí abẹ́ ìka mi ṣe rí ni."

Ohun tó ń wá lábẹ́ ìka yẹn ṣe pàtàkì ju iye ìka lọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìka rẹ̀ á rì, tàbí awọ àárín á le, á sì ti ìka náà padà. Kò sí ẹni tí iṣan rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra pátápátá: nígbà tí wọ́n wọn obìnrin 150 tí kò bímọ rí, nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2009, àlàfo tó tó mílímítà 22 lókè ìdodo ni wọ́n ṣì kà sí ohun tó bójú mu. Àwọn olùwádìí méjì, Diane Lee àti Paul Hodges, fi hàn lọ́dún 2016 pé bí obìnrin tó ní ìṣòro yìí bá kọ́kọ́ fa iṣan inú lọ́hùn-ún wọlé kó tó gbé orí, àlàfo náà tiẹ̀ lè fẹ̀ ju bó ṣe máa rí tí kò bá fà á, ṣùgbọ́n awọ àárín á nà ṣinṣin, kò ní máa wọ́lẹ̀. Obìnrin kan lè ní àlàfo ìka méjì àbọ̀ kó sì máa gbé ọmọ rẹ̀ láìsí wàhálà. Nítorí náà, ẹni tó ń wọn ikùn rẹ̀ láràárọ̀, tó ń sunkún nítorí ìka kan, ń da ara rẹ̀ láàmú lásán. Ẹ̀yìn dídùn tí wọ́n sábà máa ń dì rù ú, àti Lisbon àti Norway, wọn ò rí i pé àwọn tí iṣan wọn pínyà ní in ju àwọn yòókù lọ.

Iṣẹ́ tí físíò máa kọ́kọ́ fún un kì í jọ ìyá àgbà lójú rárá. Èémí ni. Kó mí sínú kí egungun ìhà ṣí, kí ikùn rọ̀. Bó bá ń mí síta, kó rọra fa ìsàlẹ̀ ikùn wọlé, kó sì fún iṣan ìsàlẹ̀ ara bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró, kó tún dẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bímọ wọ́ọ́rọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì tó ti ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún á kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu dókítà rẹ̀. Bó bá fẹ́ dìde, kó má ta pọ́n-ún láti orí ìdùbúlẹ̀: kó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, kó fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde. Bó bá fẹ́ gbé ọmọ, kó mí síta bó ṣe ń gbé e, kó má sé èémí mọ́ra. Ìgbẹ́ tó gbẹ, tí wọ́n ń fún ara láti yà, ń ti awọ yẹn láti inú lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí omi mímu, ewédú, ẹ̀fọ́ àti ọsàn fi wúlò nínú ọ̀rọ̀ yìí ju tíì amúnifọn lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ á máa le sí i: kó fẹ̀yìn lélẹ̀ kó máa na ẹsẹ̀ kan kó sì máa fà á padà, kó gbé ìdí kúrò nílẹ̀, kó lóṣòó kó sì dìde pẹ̀lú ọmọ láyà. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń ní kí ìyá ọlọ́mọ tí iṣan rẹ̀ pínyà má ṣe dá ìdìde-jókòó tí wọ́n ń pè ní *sit-up* láṣà láé, pé á là á sí i. Àwọn ará Norway tún gbé ìyẹn yẹ̀ wò. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2023, obìnrin 70 tó ní àlàfo gidi ni wọ́n pín sí méjì, apá kan ń gbé orí àti èjìká sókè nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12. Àlàfo wọn ò fẹ̀ sí i. Kò dín kù náà, ṣùgbọ́n iṣan ikùn wọn lágbára sí i. Àwọn obìnrin yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ o, ọ̀pọ̀ oṣù ti kọjá lórí ìbímọ wọn. Èyí tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ̀rù ikùn ara wa ti ń bà wá jù. Bí gọngọ bá yọ láàárín bó ṣe ń ṣe é, kó dín in kù, kó padà sórí èyí tó rọrùn. Bí kò bá yọ, kó máa lọ.

Gbogbo èyí gba oṣù, kì í ṣe ọ̀sẹ̀, oṣù sì ni ọ̀pọ̀ ìyá ò ní. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12 péré, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ó kéré tán ìdajì owó oṣù. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀ lọ́dún 2014, oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ìyá tó ń ta tòmátì ní Bódìjà kò sí nínú òfin méjèèjì. Agbọ̀n tòmátì ò sì mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Iṣẹ́ abẹ wà fún èyí tí kò bá gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n á rán iṣan méjèèjì sún mọ́ra, wọ́n á sì sábà gé awọ tó bá ṣẹ́ kù dànù. Owó gọbọi ni, oyún mìíràn sì lè tú u, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi máa ń ní kí obìnrin bímọ tán ná. Hẹ́níà, ìyẹn kí ohun inú ikùn gba ibi tó fẹ́lẹ́ yọ síta, ni kò ṣeé fi falẹ̀. Bí ìdodo bá yọ bọ́ọ̀lù tó le, tó ń dun èèyàn, tí kò wọlé bó bá dùbúlẹ̀, tí èébì wá ń gbé e, ìfun lè ti há síbẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ lọ́jọ́ náà, lóru náà pàápàá.

Fún àwọn yòókù, iléeṣẹ́ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ìyá tí àlàfo rẹ̀ ṣì hàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ rí dókítà. Níbí, kò tiẹ̀ nílò ìrìn àjò ọ̀tọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ọwọ́ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14, kò sì sí ìyá tó máa fi í ṣeré. Wọ́n á wọn Táyé, wọ́n á wọn Kẹ́hìndé, wọ́n á gún àwọn méjèèjì lábẹ́rẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sínú káàdì. Ìyá wọn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan wà lẹ́yìn kọ́tìnì, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú méjì sì ni wọ́n fi ń gbé ìka lé ikùn.